Iná inú síìlíìnì fún etí òrùlé tí kò yọ jìnnà: ilé kan ní Mówé

Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́rin ni ilé náà, ó wà ní Mówé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ há, fẹ́ǹsì sún mọ́ ògiri, káfíńtà kò sì jẹ́ kí òrùlé yọ jìnnà. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, íǹṣì 15, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 380, ni páànù fi kọjá ògiri. Lẹ́yìnkùlé kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, íǹṣì 9 ni. Iwájú nìkan ló fẹ̀, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi PVC funfun bo abẹ́ òrùlé yìí yíká, wọ́n sì ti kan fáṣíà, ìyẹn pátákó etí òrùlé. Ohun tí Alhájà onílé ń fẹ́ ni kí iná máa tàn láti inú PVC wálẹ̀ sára ògiri àti sójú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ohunkóhun má yọ gọ̀ngọ̀ síta, kó rí bí ó ṣe rí nílé àbúrò rẹ̀ ní Lẹ́kí.

Kí wọ́n tó pè mí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Manchester ti fi páálí iná kan ránṣẹ́. Iná GU10 ni, irú èyí tó ní agolo irin lẹ́yìn, tí wọ́n kọ “fire rated” sí lára. Ojúlówó ni, mi ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Fólítì 230 ni wọ́n ń lò ní Britain bíi tiwa, nítorí náà kò ní jó, kò sì ní ṣókùnkùn. Bó bá ṣe pé Amẹ́ríkà ló ti wá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, torí fólítì 120 ni tiwọn. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe agolo irin yẹn fún ni kí jàǹbá iná má bàa tètè gba ihò síìlíìnì kọjá láti yàrá ìsàlẹ̀ lọ sí yàrá òkè. Abẹ́ òrùlé ní Mówé kò ní yàrá kankan lókè rẹ̀. Páànù ló wà níbẹ̀, PVC tó yí agolo náà ká ni yóò sì kọ́kọ́ yọ́ bí iná bá ṣẹlẹ̀. Owó ńlá tí ọmọ náà san lórí ààbò iná, ibẹ̀ yẹn kò nílò rẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló tilẹ̀ dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Gíga agolo náà ni.

Ààyè tó wà láàárín PVC àti páànù kò dọ́gba. PVC tẹ́jú, páànù dagẹ̀rẹ̀, nítorí náà àlàfo náà há lẹ́bàá fáṣíà, ó sì ń ga sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ ògiri. Mo fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ lu ojú mẹ́ta sí ibi tí iná yóò padà bò mọ́lẹ̀, mo ti wáyà líle bọ ojú kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan páànù, mo sì fi téèpù wọn wáyà náà. Lẹ́bàá fáṣíà, mílímítà 60. Láàárín, 111. Lẹ́bàá ògiri, 162. Òrùlé tí kò ga rárá ni, dígírì 15 tàbí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ló fi dagẹ̀rẹ̀.

Agolo Manchester ga tó mílímítà 120 bí gílóòbù bá ti wà nínú rẹ̀. Láàárín, kò lè wọlé rárá. Ó ku ẹ̀bá ògiri. Igi onííǹṣì méjì tí wọ́n kan PVC mọ́ ti gba mílímítà 50 mọ́ ara ògiri, ihò agolo náà sì fẹ̀ tó 75, nítorí náà ibi tó sún mọ́ ògiri jù lọ tí àárín ihò lè wà ni mílímítà 90 sí ògiri. Àlàfo ibẹ̀ jẹ́ 138. Bí a bá yọ 120 kúrò, ó ku 18, oníṣẹ́ iná tí ara ń kán yóò sì ní ó ti wọ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé ń rẹlẹ̀ lọ sápá fáṣíà. Etí ihò tó kọjú sí fáṣíà ló yẹ ká wọ̀n, torí ibẹ̀ ni orí agolo yóò ti kọ́kọ́ kan páànù. Níbẹ̀, 128 ni mo bá. Mílímítà 8 ló kù láàárín agolo tó ń gbóná àti páànù tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀.

Ká tiẹ̀ gbà pé ó wọ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Dígírì 36 ni ìmọ́lẹ̀ gílóòbù wọ̀nyẹn fi ń fẹ̀. Láti mílímítà 90 sí ògiri, yóò ba ògiri ní nǹkan bíi mílímítà 280 sísàlẹ̀ síìlíìnì, yóò sì ya ìdajì òṣùpá sára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń dára lára ògiri tí wọ́n fi òkúta ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí bíríkìlà ṣe ń rẹ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé, apá tí àlejò kì í dé, yóò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ń fẹ̀gbẹ́ ra ògiri bẹ́ẹ̀ yóò tú gbogbo gbùdùgbùdù rẹ̀ síta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè wálẹ̀ fún Alhájà lálẹ́ kó lè rí i. Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé tán.

Ọmọ rẹ̀ pè mí lórí WhatsApp. “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé ẹ ò lè gé igi díẹ̀ lókè kó lè gbà á ni?”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Igi tó wà lókè yẹn, ráfítà ni, òun ló gbé páànù dúró. Etí òrùlé ni ìjì ti máa ń gba abẹ́ páànù wọlé, ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ ká ti sọ igi di aláìlágbára.”

Alhájà gba fóònù. “Ẹnjiníà, ṣé owó ọmọ mi ti wọgbó nìyẹn?”

“Rárá o, Alhájà. POP pálọ̀ yín ní àlàfo tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lókè. Ibẹ̀ ni iná yìí máa bọ́ sí, yóò sì dára níbẹ̀ ju ìta lọ.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú nìyẹn. A wá lọ sí ọjà Alábà ní Èkó láti wá iná tìta.

Ìbéèrè tí àwọn ọlọ́jà máa ń bi èèyàn ni “wáàtì mélòó?” Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé báwo ló ṣe ga tó láti ojú síìlíìnì lọ sókè, pẹ̀lú driver rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ iná mọ̀nàmọ́ná di irú èyí tí LED lè lò. Ọ̀pọ̀ kò lè dáhùn, nítorí náà mo ń ṣí páálí, mo ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Iná COB, ìyẹn ọ̀pọ̀ LED kéékèèké tí wọ́n kó jọ sójú kan, tó ní ìyẹ́ alumíníọ́mù lẹ́yìn, èyí tí àwọn ilé ìtura fẹ́ràn, ga tó mílímítà 70 sí 80. Ó lè wọ àárín etí òrùlé wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí jù, orí rẹ̀ ni wọ́n so driver mọ́, ìyẹn sì fi 30 kún gíga rẹ̀. Ó tún di ìjà. Pánẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni ó bá irú àlàfo yìí mu. Pánẹ́ẹ̀lì róbótó tí wáàtì rẹ̀ jẹ́ 6, ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 120, ihò rẹ̀ jẹ́ 105, sísanra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 lọ. Driver rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ní ìdí wáyà kúkúrú, ó sì lè gba ihò náà wọlé kó fẹ̀gbẹ́ jókòó síbòmíràn. Ohun tó ń fẹ́ ààyè gan-an ni apá sípíríńgì méjèèjì tó fi ń di PVC mú, torí wọ́n ní láti nà sókè kí a tó lè tì í wọlé. Mílímítà 50 sí 60 tó fún gbogbo rẹ̀.

Wàhálà tó kù ni omi. Pánẹ́ẹ̀lì tó kún Alábà, IP20 ni, inú yàrá ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ńbà kìíní lẹ́yìn IP ń sọ bí nǹkan líle àti eruku ṣe lè wọlé tó, èkejì ń sọ ti omi. 20 túmọ̀ sí pé ìka ọwọ́ kò lè wọlé, omi ló lè wọlé bó ṣe wù ú. Ní 44, ohun tó bá nípọn ju mílímítà 1 kò lè wọlé, omi tó bá ta sí i láti ibikíbi kò sì ní ṣe é léṣe. Ní 65, eruku kò lè wọlé rárá, omi tí a fi rọ́bà tú sí i náà kò ní wọlé. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tó fẹ̀, 44 tó. Lábẹ́ etí òrùlé onííǹṣì 15, tí òjò oníjì máa ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀ wọ̀, mi ò lè gba ohun tó bá dín sí 65.

Ọlọ́jà kan fi iná kan hàn wá, ó ní “waterproof ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ.” Kò sí nọ́ńbà kankan lára páálí. Mo ní kó jẹ́ kí n tú u wò. Kò sí rọ́bà tó yí gíláàsì ká, ihò tí wáyà gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. A dá a padà fún un. Èyí tí a rà lẹ́yìn-ò-rẹyìn ní rọ́bà yíká ojú rẹ̀ àti yíká ibi tó ti fara kan PVC, wọ́n dí ẹnu wáyà rẹ̀ pa, àpótí driver rẹ̀ náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n kọ IP65 sí lára, ojú rẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, IP20 ni.

Òkè sì ni omi ti ń wá nílé olórùlé páànù, kódà láìsí òjò, láìsí ibi tó ń jò. Lálẹ́, páànù alumíníọ́mù máa ń tutù kíákíá, ó máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá di omi sára rẹ̀ nínú, á máa kán tótó. Ẹni tó bá ti sùn sínú ilé tí kò ní síìlíìnì mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ Mówé tó sún mọ́ àbàtà tún dá kún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé driver kankan lé orí PVC pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ráfítà ni mo dè é mọ́, lápá ògiri tó ga jù. Wáyà tó wọ inú rẹ̀, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi tó bá tọ wáyà náà wá lè kán sílẹ̀ níbi tó rọ̀ sí.

Ní ti ooru, àwọn èèyàn máa ń sọ pé LED kì í gbóná. Ó ń gbóná, ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà lọ. Ohun tí ooru máa ń kọ́kọ́ pa ni kapásítọ̀ inú driver, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná mọ̀nàmọ́ná fúngbà díẹ̀. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ láàárín àwa oníṣẹ́ iná ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí Selsiọ́ọ̀sì lé sí i, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ náà á dín sí ìdajì. Iná ìta ṣe oríire kan tí iná inú ilé kò ní. Ìgbà tí páànù ń gbóná jù, ọ̀sán, iná kì í sí ní títàn, nígbà tí a bá sì tàn án, páànù ti ń tutù. Oríire yìí kò wúlò fún ẹni tó ń gbàgbé iná sí títàn títí di ọ̀sán, àwọn yẹn sì pọ̀. A fi fótósẹ́ẹ̀lì, ohun tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, sí i kó máa pa á fúnra rẹ̀.

Àwọ̀ iná ló dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Alhájà fẹ́ funfun báláú, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí. K ni ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń pupa tó. Ó ní èyí tó pupa rúsúrúsú ń rán òun létí àtùpà elépo. Mo ṣàlàyé fún un pé kòkòrò tó ń fò lálẹ́ fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ tó ní búlúù púpọ̀, èyí tó sì pupa díẹ̀ kì í fà wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ikán abìyẹ́ jáde, wọ́n á kóra jọ síbi iná funfun. Ọmọńlé á tẹ̀ lé wọn, ìgbẹ́ ọmọńlé á wà lára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, aláǹtakùn náà á wá ta òwú rẹ̀. Àfòpiná kì í dá nìkan wá. A mú ọ̀kan 6500K àti ọ̀kan 3000K, a gbé wọn sí igun méjì ilé, a tan méjèèjì lálẹ́ kan náà. Ní àárọ̀, ìyẹ́ tí wọ́n gbá lábẹ́ ti funfun kún páàkà. 3000K ni a lò, àyàfi iwájú géètì tí kámẹ́rà wà. Níbẹ̀ a lo 4000K, torí ó jẹ́ kí àwọ̀ ọkọ̀ àti aṣọ hàn dáadáa.

Iye iná ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ilé gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ráfítà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ara wọn, nítorí náà àlàfo 10 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ètò àkọ́kọ́ tí ẹnì kan ti ṣe fún wọn ni kí iná oníwáàtì 12 kọ̀ọ̀kan wà nínú gbogbo àlàfo, yíká ilé. Iná 34 nìyẹn, wáàtì 408. Wákàtí 12 ni òru wa ní ìsàlẹ̀ Nàìjíríà, yálà nígbà òjò ni o tàbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Iná yẹn yóò jẹ 4,896 wáàtì-wákàtí lóru kan. Bátìrì ínfátà wọn jẹ́ méjì, fólítì 12 àti Ah 220 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tó wà nínú wọn kò ju 5,280 lọ, a kì í sì í fẹ́ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí bátìrì pẹ́. Iná ìta nìkan ì bá ti jẹ gbogbo iná tí fíríìjì àti fáànù Alhájà ń fẹ́.

Ohun tí a ṣe ni pé a fo àlàfo kan, a fi iná sí èkejì. Ó jẹ́ 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì, 4 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáàtì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84. Síìlíìnì ga tó mítà 3 sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì sì fẹ̀ tó dígírì 120, nítorí náà ti ọ̀kan wọ inú ti èkejì dáadáa kó tó dé ilẹ̀. Lára ògiri, nítorí pé àárín ni iná wà, mílímítà 190 sí ògiri, ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, ó rọra ń dín kù lọ sísàlẹ̀, kò ya ìlà kankan. Márùn-ún nínú wọn nìkan ló ń tàn mọ́jú. Ìyẹn jẹ́ 360 wáàtì-wákàtí lóru. Mẹ́sàn-án tó kù wà lórí súìṣì tiwọn, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tó ń tàn wọ́n bí ẹnì kan bá kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé kí gbogbo ilé mọ́lẹ̀ rekete ni ààbò. Lójú tèmi, iná tó ṣàdédé tàn lójú olè máa ń dẹ́rù bà á ju èyí tó ti bá títàn lọ.

Ohun kan tún wà tí Mówé kọ́ni. Fólítì NEPA níbẹ̀ lè rẹlẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, kó sì ṣàdédé ga lóru. Driver tí a rà, 85 sí 265 ni wọ́n kọ sí i lára. Irú èyí tí wọ́n kọ 220 sí 240 péré sí, ó lè máa ṣẹ́jú tàbí kó kú láìpẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé nìkan ni a kò rì iná sí. Íǹṣì 9 jẹ́ mílímítà 229. Igi tí wọ́n kan PVC mọ́ gba 50 lápá fáṣíà, ó gba 50 mìíràn lápá ògiri, ó ku 129. Ihò 105 yóò ku mílímítà 12 lápá kọ̀ọ̀kan, sípíríńgì kò sì ní ríbi nà sí. Alhájà bínú díẹ̀, torí ó fẹ́ kí ilé dọ́gba yíká. Bàbá Káfíńtà ní òun lè tú PVC, kí òun fa fáṣíà síwájú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní tèmi, bí etí òrùlé bá ti dín sí íǹṣì 10, kí onílé gbàgbé iná inú síìlíìnì, kó lo iná ara ògiri. A gbé méjì oní IP65 kọ́ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ọ̀kan lókè ẹ̀rọ omi, wọ́n sì kọjú sísàlẹ̀ kí wọ́n má bàa ta sí fèrèsé aládùúgbò.

Kí a tó lu ihò kankan, a fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó inú PVC, a sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ráfítà wà. PVC kì í dárí jini: ihò tó bá bọ́ sórí igi, àfi kí a pààrọ̀ pátákó náà látòkè délẹ̀. Ayùn róbótó ni a fi gé e, a jẹ́ kó máa yí pẹ̀lẹ́, torí bó bá ń sáré, PVC á yọ́, etí ihò á gbun. Wáyà onímílímítà 1.5 ni a fà, pẹ̀lú wáyà áàtì (earth), àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpótí tí omi kò lè wọ̀. Lẹ́yìn iná kọ̀ọ̀kan, a fi wáyà tó gùn tó apá èèyàn pamọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ driver lè fà á gba ihò iná náà jáde láìtú PVC.

Wáyà tí a fi pamọ́ yìí wúlò lẹ́yìn òjò ọdún náà. Ọ̀kan lápá òsì ti ní kùrukùru nínú gíláàsì. Nígbà tí mo fà á wálẹ̀, mo rí i pé orí ìpàdé pátákó PVC méjì ni ihò rẹ̀ bọ́ sí, ojú ibẹ̀ kò tẹ́jú, rọ́bà náà kò sì lẹ̀ mọ́ ọn níbi kan tó fẹ̀ bí èékánná. Mo nù ún, mo fi sílíkónì kún ojú ìpàdé náà, mo sì dá a padà. Àwọn yòókù gbẹ. Mo ya àwòrán ilé náà sórí bébà, mo kọ ibi tí ráfítà kọ̀ọ̀kan àti driver kọ̀ọ̀kan wà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí fíúsì fún oníṣẹ́ iná tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi.